Ilẹ̀ Tí Mo Fọ̀

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọ aṣọ ìbùsùn fún ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ńlá ló ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lójú. Èmi ni ojú rẹ̀. Bí aṣọ bá jáde, n ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, n ó sì wá àbàwọ́n tó kù lára rẹ̀: ẹ̀jẹ̀, oògùn, ọbẹ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn tí n kò fẹ́ mọ orúkọ wọn. Bí mo bá rí ẹyọ kan, inú omi ló ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi sọ mí ní Kòlábàwọ́n. Wọ́n ní bí wọ́n bá gbé sánmà wá bá mi, n ó ní kí wọ́n dá a padà lọ fọ̀, pé ìkùukùu ti ta sí i lára.

Nígbà mìíràn, afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú aṣọ tí a sá sórí okùn lẹ́yìn ilé iṣẹ́, gbogbo wọn a wú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń dúró láàárín wọn, kí n di ojú, kí n máa rò pé inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, pé a ti kúrò ní èbúté, pé kò sí ẹni tó ń dúró dè mí níbì kankan.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan ń dúró dè mí. Ìyá mi ni.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi. Ó mú apá òsì, ó mú ẹsẹ̀ òsì, ó sì mú ẹnu. Apá ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹnu nìkan ni kò padà. Dókítà ní ohùn rẹ̀ kò kú. Obìnrin tó ń bá a na ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn sọ pé ó lè dá jókòó, pé ó tilẹ̀ lè dìde dúró bó bá rí nǹkan dì mú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ni.

“Ẹ wá ohun tó máa mú wọn fẹ́,” ló wí fún mi, ó ń pa ìwé rẹ̀ dé, bí ẹni pé wọ́n ń pàtẹ ohun náà lọ́jà.

Ìyá mi yìí, ọgbọ̀n ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ẹnu géètì kí agogo tó dé ibẹ̀. Ó ní oko kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná náà, ata, tòmátò, ilá, ẹ̀fọ́, tó ń já láti ibẹ̀ sínú ìkòkò tààrà. Èmi náà dàgbà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn, àmọ́ abọ́ ni mo máa ń fọ̀. Ẹni tó ń fọ abọ́ kì í mọ bí ata ṣe ń hù. Bí ata ṣe ń lẹ̀ mọ́ abọ́ ló mọ̀.

Ní agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí. N ó yí ìyá mi padà, n ó nù ún lára, n ó pààrọ̀ aṣọ tó sùn lé, n ó fi ṣíbí fún un ní oúnjẹ títí yóò fi pa ẹnu dé. Lẹ́yìn náà ni n ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí aránṣọ tó wà ní yàrá kejì a máa yọjú wò ó lọ́sàn-án. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, n ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyí padà. Aṣọ ni mo ń fọ̀ lọ, aṣọ ni mo ń fọ̀ bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí dé ibi tí oorun kò mọ̀ ọ́n dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù. Ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ìlú kan tó jẹ́ ìrìn odindi ọjọ́ kan sí tiwa, àjà kẹrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé.

“Wọ́n ti sọ̀rọ̀?” ló fi bẹ̀rẹ̀.

“Rárá, Bùọ̀dá.”

“Wọ́n ń dìde?”

“Tí mo bá gbé wọn.”

Ó mí kanlẹ̀. “Gbọ́ mi, àbúrò mi. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀, mò ń gbé ọkọ̀ bọ̀. Tí mo bá ṣì bá wọn lórí ibùsùn yẹn, mò ń gbé wọn lọ nìyẹn.”

“Lọ sí àjà kẹrin? Bùọ̀dá, wọn ò ní í tẹ ilẹ̀ mọ́ láyé.”

“Níbi tí wọ́n wà báyìí ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀?”

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn, nítorí ohùn ẹ̀gbọ́n mi kì í gba inú fóònù. Ó di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì dì í mú títí iṣan ọwọ́ náà fi yọ. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kò fẹ́ lọ.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni èyí: nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun yóò gbé e lọ, èjìká mi méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ bí ti alárùú tí wọ́n sọ̀. Ìtìjú rẹ̀ mú mi débi pé mo dìde lọ fọ ìkòkò tó mọ́.

*

Ìyá Ayọ́ọ̀nù ló fi ọ̀rọ̀ ọgbà sí mi lọ́kàn. Òun ló ń lọ aṣọ níbi iṣẹ́ wa; ó ti ń lọ̀ ọ́ pẹ́ débi pé apá ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju tòsì lọ.

“Kòlábàwọ́n,” ló ní, “ojú ẹ dà bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá.”

“Ó rẹ̀ mí ni, mà.”

“Ta ni kò rẹ̀? Kí ni ìyá ẹ fẹ́ràn láyé yìí?”

Mo rò ó. “Kí wọ́n máa bú èèyàn.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ooru ayọ́ọ̀nù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ. “Lẹ́yìn ìyẹn?”

“Ata.”

“Gbin ata fún wọn, lábẹ́ fèrèsé wọn gan-an. Tó bá hù, wọ́n á dìde wò ó. Tí kò bá hù, wọ́n á bú ẹ. Èyíkéyìí tó bá ṣẹ, o jèrè.”

Lọ́jọ́ kejì ó fún mi ní irúgbìn ata, tòmátò àti ẹ̀fọ́, ó dì wọ́n sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà.

Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi. Ògiri wà ní ìparí rẹ̀, ààtàn kan sì wà lẹ́bàá ògiri náà, níbi tí mo ń da èèpo àti omi ìfọkòkò sí. Mo mú aṣọ ìbùsùn kan tí ilé ìwòsàn ti kọ̀, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ìyá mi láti fi wọn ọgbà, mo sì kan igi mẹ́rin mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tí ènìyàn kan lè nà gbalaja sí ni. Mo ní, èyí ti tó.

Mo wá ká aṣọ náà kúrò, mo fi ọkọ́ ro ilẹ̀ ibẹ̀, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ sì kó ìríra bá mi. Ewé tó ti jẹrà di dúdú. Gbòǹgbò wíwẹ́wẹ́ tó lọ́ mọ́ra bí irun inú kòtò ìgbọ̀nsẹ̀. Èèpo ẹyin, èédú, kòkòrò, àti ekòló tó sanra bí ìka mi, tí wọ́n ń yí gbirigbiri nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn bá níbi tó ti ń wẹ̀. Mo dúró tì í. Mo ní, inú èyí ni kí n gbin ohun tí ìyá mi máa jẹ sí?

Níbi iṣẹ́ wa, a ní àpò àwọ̀n tí a ń kó ìbọ̀sẹ̀ sí kí ẹ̀rọ má baà gbé e mì. Mo mú ọ̀kan tí etí rẹ̀ ti já wálé, mo fi sẹ́ ilẹ̀ náà bí ẹni ń sẹ́ ìyẹ̀fun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sẹ́ ẹ, lẹ́yìn iṣẹ́, kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ohun tí kò bá gba inú àwọ̀n kọjá, ewé, gbòǹgbò, ekòló, mo kó o lọ dà sórí ààtàn. Ẹ̀yìn mi ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n fi pákó lù ú, ṣùgbọ́n bí mo ti ń sẹ́ ẹ, ọkàn mi ń fúyẹ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Èyí tó kù nílẹ̀ kúnná, ó jọ̀lọ̀. Mo fi pákó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, mo fa etí rẹ̀ gún régé, kò hunjọ níbì kankan. Mo gbin irúgbìn mi ní ìlà mẹ́ta.

Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ìyá mi lẹ́yìn.

“Màmá, ẹ wò ó. Ata nìyí, tòmátò nìyí, ẹ̀fọ́ nìyí. Tí wọ́n bá hù, ẹ̀yin lẹ máa já a.”

Ìyá mi wo ilẹ̀ náà. Ó wo èmi. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kọjá ọgbà mi, ó lọ bà lé ọ̀ọ́kán, lọ́dọ̀ ògiri, ó sì dúró síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Bí mo bá ṣí fèrèsé, ògiri ló ń wò. Ó dùn mí. Mo rò ó pé ògiri òfìfo wù ú ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ.

Lówùúrọ̀ mo ń gbá ọgbà náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí ewé kan bá já bọ́ sórí rẹ̀, mo ń ṣà á kúrò. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, irúgbìn yọrí. Mo pariwo débi pé Àǹtí aránṣọ sáré jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n pupa rúsúrúsú bí aláìsàn. Òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán, ilẹ̀ mi tó kúnná di ẹrọ̀fọ̀ tó ń ṣàn. Oòrùn ràn lé e lọ́jọ́ kejì, ó gbẹ, ó le bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó sì fún ọrùn gbogbo wọn pa. Mo tún un gbìn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀.

“O bomi rin ín?” ni Ìyá Ayọ́ọ̀nù bi mí.

“Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mà.”

“O tu koríko ibẹ̀?”

“Koríko kankan ò tíì dé ibẹ̀.”

“Ilẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́?”

“Ó mọ́, mà. Ó mọ́ ju yàrá mi lọ.”

Ó mi orí, ó tún aṣọ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. “Ìyẹn náà dáa. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ dà á síwájú, ẹrọ̀fọ̀ lo tẹ̀.”

“Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?”

“Èmi mọ̀? Mi ò gbin nǹkan kan rí. Ọdún kẹta rèé tí ẹnìkan ti fún mi ní irúgbìn yẹn, ìwọ ni mo rí tàn gbé e fún.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà omi náà kọ̀, kò dúró mọ́. Ó fi etí aṣọ ilé ìwòsàn nù mí lójú, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, n kò sì ní kó dá a padà lọ fọ̀.

*

Oṣù náà ń parí lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé ẹ̀gbọ́n mi, mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Mo fọ gbogbo aṣọ ìyá mi, mo sá wọn, mo lọ̀ wọ́n, mo ká wọn sínú àpò aláwọ̀ ewé tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ nígbà kan. Mo ń sọ fún ara mi pé mò ń múra sílẹ̀ lásán ni, pé bí kò bá lọ, n ó tú u. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í lọ aṣọ dé inú àpò ẹ̀wù fún ohun tí kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ń wò mí láti orí ibùsùn. N kò gbé ojú sókè. Mo fa síìpù àpò náà, ariwo rẹ̀ sì gun ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí mo ṣe tán, n kò lè jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní kí n tún ẹ̀yìnkùlé ṣe, kí ẹ̀gbọ́n mi má baà bá ìdọ̀tí nílẹ̀. Ọgbà mi kò ní ohun tí mo lè tún ṣe nínú rẹ̀. Ó mọ́ bí orí apárí. Mo mú ọkọ́, mo kọjú sí ààtàn.

Igbó ti bo ààtàn náà dé orúnkún. Mo ti ń fi igun ojú rí i láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ń pè é ní koríko. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá ọ̀kan mú nídìí, èyí tó ga jù, mo fẹ́ fà á tu.

“Má fà á!”

Mo rò pé Àǹtí aránṣọ ni. Ohùn náà ha bí ìlẹ̀kùn tí wọn kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Mo yíjú padà. Ìyá mi ni mo rí lójú fèrèsé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di igi fèrèsé mú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì, ìrọ̀rí ti fọ́n ká sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Má fà á, mo ní! Orí ẹ... ò pé ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bíi tirẹ̀. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Màmá?”

“Ata... nìyẹn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tòmátò. Ṣé ojú ẹ... fọ́ ni?”

Mo wò ó. Ewé ata ni lóòótọ́, ó dúdú mininjọ, ìtànná funfun kéékèèké sì ti wà lára rẹ̀. Tòmátò mẹ́rin nà sórí èèpo ẹyin, ìdí wọn nípọn bí àtàǹpàkò. Irúgbìn inú èèpo tí mo ń dà nù ló hù. Ewé jíjẹrà tí mo kó kúrò lábẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jẹ, àwọn ekòló tí mo lé jáde ló sì ń túlẹ̀ fún wọn.

“Ojoojúmọ́... ni mo ń wò ó,” ni ìyá mi wí. “Ìwọ... ń gbá ilẹ̀.” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìsàlẹ̀ fèrèsé. “Kí lo ṣe fún... èyí?”

“Mo sẹ́ ẹ ni, Màmá.”

“O kí ni?”

“Mo fi àwọ̀n ìbọ̀sẹ̀ sẹ́ ẹ. Kó lè mọ́.”

“Ekòló ńkọ́?”

“Mo kó wọn dà nù.”

“Ewé?”

“Mo kó o dà nù.”

Ó wò mí pẹ́. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni.

“Olúwa ò,” ló wí. “Ọmọ mi... fọ ilẹ̀. Ọmọ tí mo bí... gbé ilẹ̀, ó fọ̀ ọ́!” Ó mí, ó tún un gbà. “Ìdọ̀tí lo fẹ́ kó má jẹ. Kí lo wá fẹ́... kó jẹ? Ọṣẹ?”

Mo jókòó sí etí ààtàn pẹ̀lú aṣọ mi tó mọ́, mo sì ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. N kò lè sọ pé ayọ̀ nìkan ni. Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sọ̀rọ̀ nìkan nínú ilé yẹn.

“Tó o bá sunkún tán,” ni ìyá mi wí lójú fèrèsé, “wá... gbé mi jáde.”

Kì í ṣe pé mo gbé e. Ó ti àga kan síwájú, ó ń tẹ̀ lé e, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì ní nínà. Láti ibùsùn dé ẹ̀yìnkùlé, ìṣísẹ̀ méjìdínlógún ni. Ó sinmi nígbà márùn-ún. Nígbà tó jókòó sẹ́bàá ààtàn tán, òógùn bò ó, ó sì ní kí n bu ilẹ̀ ibẹ̀ fún òun. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó sì ń gbìyànjú láti pa ìka dé lé e lórí. Ìka méjì gbà fún un. Ó ní kí n kó àbọ̀ ààtàn náà padà sórí ilẹ̀ tí mo fọ̀, kí n pò ó pọ̀. Mo kó o padà, ewé, èèpo, ekòló. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin bàjẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. “Lọ́la, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́,” ló wí, “a máa ṣí ata àti tòmátò yìí lọ síbẹ̀, kí àyè lè gbà wọ́n.”

*

Ọ̀sán gangan ni ẹ̀gbọ́n mi dé lọ́jọ́ Sátidé. Inú yàrá ló kọ́kọ́ wọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe pariwo pé, “Màmá dà?” Ó sáré jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rù ti bo ojú rẹ̀.

Ìyá mi jókòó lórí àga rẹ̀ nínú ìbòòji ògiri, ó fi tówẹ̀lì borí.

“O dé?” ló wí. “Bọ́ bàtà ẹ. Orí ọgbà mi lo dúró lé.”

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ìrìn àjò rẹ̀. “Màmá. Ẹ ń sọ̀rọ̀.”

“Mò ń sọ ọ́, o ò... bọ́ bàtà.”

Ó bọ́ bàtà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo ìyá mi, ó wo ààtàn, ó wá wo èmi. Èmi ló wò pẹ́ jù.

“Inú mi dùn,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ọlọ́run gbọ́ pé inú mi dùn. Àmọ́ Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa lọ. Mo ti ṣètò yàrá. Ọmọ yìí nìkan ò lè ṣe é mọ́. Ẹ wo ojú ẹ̀.”

Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ. Mo tẹ orí ba.

“Mo rí ojú ẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Mo rí àpò náà pẹ̀lú. Mo rí bó ṣe... lọ aṣọ.”

“Màmá, mi ò ní in lọ́kàn pé—”

“Mi ò bú ẹ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.”

“Rárá o, Màmá, kò rẹ̀ mí tó—”

“Mi ò béèrè. Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Eṣinṣin kan ń rìn lórí tówẹ̀lì rẹ̀. Ìyá mi kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Tí wọ́n bá fẹ́ ṣí irúgbìn nípò, ìgbà wo ni?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

“Ìrọ̀lẹ́. Èyí tí wọ́n bá ṣí lọ́sàn-án... á rọ. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, o gbé ọkọ̀ dé lọ́sàn-án gangan.” Ó sinmi, ó kó ọ̀rọ̀ jọ. “Ẹ̀rọ tí o máa ń tún ṣe yẹn. Ṣé kì í sinmi ni?”

“Ó ń sinmi, Màmá. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa pa á. Tí kò bá sinmi, á jó...”

Ó ti gbọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ̀hẹ́n,” ni ìyá mi wí. “Ọjọ́ mélòó lo gbà níbi iṣẹ́?”

“Mẹ́rin. Kí ara yín lè mọlé lọ́dọ̀ mi.”

“Jẹ́ kí ara tìẹ... mọlé níbí. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí mi padà. Lẹ́yìn ìyẹn, máa wá lóṣooṣù, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Tí o ò bá wá, ìgbà náà ni kó o sọ fún mi pé ọmọ yìí ò lè dá a ṣe.”

“Màmá, ọ̀gá mi ò—”

“Garawa wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ pọn omi sílẹ̀ de ìrọ̀lẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bóyá n ó gbà á sílẹ̀. N kò gbà á. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gbé garawa, ó ń kùn lábẹ́lẹ̀, àmọ́ ó lọ.

Ìyá mi fi ọwọ́ òsì kàn mí lórúnkún, ọwọ́ tí ìka méjì péré ń gbà fún un. “Ìwọ, wọlé lọ sùn.”

“N ó kọ́kọ́ tú aṣọ yín nínú àpò, Màmá. Wọ́n ti—”

“Jẹ́ kó hunjọ.”

Mo wọlé. N kò rántí nu ẹsẹ̀. N kò tilẹ̀ wọ bàtà. Orí ibùsùn ìyá mi ni mo dùbúlẹ̀ sí, nítorí òun ló sún mọ́ mi jù, lórí aṣọ funfun tí mo tẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Láti ojú fèrèsé mo ń gbọ́ wọn.

“Díẹ̀díẹ̀! Ṣé iná lo fẹ́ pa ni?”

“Màmá, omi ni omi.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Wá, da ìyókù padà... sínú garawa. Ọ̀sán ni wọ́n ń bomi rin ilẹ̀? Mo ní kó o pọn ọ́n sílẹ̀!”

Mo sọ ojú kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti tẹ ẹrẹ̀ dúdú sí aṣọ ìbùsùn náà, pẹ̀lú ewé kékeré kan tó ti jẹrà. Mo mọ irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá tètè rẹ ẹ́ sómi, kì í lọ mọ́. Mo ń wò ó, mo ní n ó dìde, n ó dìde nísinsìnyí, kí n ká a, kí n rẹ ẹ́. Oorun sì gbé mi lọ síbẹ̀.